Àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé oníbìínú ni mí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọjọ́ yẹn ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó na máìkì sí ẹnu páìpù omi lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ pe dókítà, èmi ni. Èmi ni mo ṣe ohùn fíìmù mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n fi hàn níbi ayẹyẹ fíìmù àdúgbò wa. Nígbà tí ayẹyẹ náà parí lọ́sàn-án Sátidé, àwa tí a kì í hàn nínú fíìmù kó ara wa lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, láti fi orin àti àwòrán dágbére fún ara wa. Aago méjì sí mẹ́fà ni onílé fún wa.

Bàbá mi ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ nílé ìlagi. Ẹ̀rọ ti jẹ etí òsì rẹ̀ tán, ó sì ti ń jẹ tọ̀tún bọ̀. Dókítà sọ fún àbúrò Bàbá obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, pé kí ọdún tó yí po, ìyẹn náà á ti dí pátápátá. Lójú Bàbá, iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́. Ó ní ariwo tí òun fara dà láti fi tọ́ mi ni mo tún ń sáré kiri wá. Lọ́dún tó kọjá, ó wọlé bá wa níbi ìgbaradì, ó sì ń fa wáyà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ pé nígbàkígbà tó bá rí bàbá mi lọ́ọ̀ọ́kán, kó yáa tilẹ̀kùn. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni olùṣọ́ ilé náà. Kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìdí pọ̀ débi pé a máa ń gbọ́ ọ kí a tó rí i.

Ní aago kan ààbọ̀ ọjọ́ náà, Àǹtí pè mí. Ó ní Bàbá ti múra, ó ti wà lọ́nà, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí mò ń ṣe kí etí òun tó di.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún, ojú ò sì tì mí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé jáde lọ́jọ́ náà, ilé ìlagi Bàbá ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sá pamọ́ sẹ́yìn òkìtì pákó tí mò ń gba ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, àti ikọ́ rẹ̀. Mo wá rántí pé aago mẹ́ta ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ máa ń ti ilẹ̀kùn abẹ́ ilẹ̀, kí àjèjì má baà yà wọlé. Níwọ̀n bí fóònù kì í ti í ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, mo yára tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i kí n tó sọ̀ kalẹ̀: E ma tilekun o. Baba mi n bo.

Aago mẹ́ta lù, díjéè tan iṣẹ́ mi. Fèrèsé onírin kékeré kan wà lókè ògiri, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì nìkan la máa ń rí níbẹ̀. Mo rí bàtà aláwọ dúdú tí Bàbá kì í wọ̀ bí kò bá ṣe òkú tàbí ìgbéyàwó. Inú mi dùn. Mo sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà láti pàdé rẹ̀, mo taari ilẹ̀kùn, kò mì. Àgádágodo ti wà níta.

Mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu irin náà. Mo pariwo pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, pé mo ti há. Díjéè rò pé ara iṣẹ́ náà ni, ló bá tan iná sí mi lára. Ayàwòrán tó ń fi èédú yàwòrán sára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ya èmi. Obìnrin kan di ojú, ó ní ara òun ń bù máṣọ. Bí mo ṣe ń sunkún tó ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tó. Mi ò tíì kórìíra àwọn oníṣẹ́ ọnà tó báyìí rí, èmi tí mo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Mo gun àga lọ síbi fèrèsé, mo ń pe Bàbá. Etí òsì ló kọ sí mi. Ẹ̀rọ ìlagi tí èmi fúnra mi gbà sílẹ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn mi, ó gbé ohùn mi mì. Bàtà náà dúró. Ó yí padà. Ó lọ.

Ìgbà tí iṣẹ́ náà parí ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, “Fọkàn balẹ̀, ọmọ dáadáa. Mo ti bá ọ yanjú ẹ̀. Bàbá ẹ ò fẹ́ gbà pé ìwọ lo ní kí n tilẹ̀kùn, ni mo bá ka ọ̀rọ̀ ẹ sí i létí gan-an, mo sì pariwo ẹ̀ dáadáa.”

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́, mo tún kà á bí òun ṣe kà á. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ni kí n bínú sí? Èmi tí mò ń fi ohùn jẹun ni mo kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i.

Mo sá dé ibùdókọ̀. Bàbá ti wà nínú ọkọ̀, ó jókòó ti fèrèsé. Mo jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má tilẹ̀kùn ni mo kọ. Ọ̀gá yẹn ló kà á sí ẹ máa tilẹ̀kùn.”

Ó yí etí sí mi. Mo tún un sọ, mo pariwo, gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò wá. Ó wá tẹjú mọ́ ẹnu mi. Mo la ẹnu sọ ti àkọ́kọ́, mo la ẹnu sọ ìkejì. Ẹnu kì í yàtọ̀ lórí méjèèjì.

“Ọ̀kan náà ni mò ń gbọ́,” ó wí.

Mo yọ bírò pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fi àmì sí i.

“Mi ò mú awò ojú wá. Etí ni mo gbé wá.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá gbọ́ iṣẹ́ mi. Ó ní òun ti gbọ́ ọ láti ojú títì, ẹ̀rọ ìlagi ni, ohun tó jẹ òun létí náà ni mo tú sílẹ̀ láti fi lé òun. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni lóòótọ́, pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbà á sílẹ̀, pé ikọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Awakọ̀ ta mọ́tò, ariwo ẹ́ńjìnnì bo gbogbo rẹ̀.

Bàbá wá mi orí, ó ní, “Mo ti gbọ́.”

Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, nígbà tí kò bá gbọ́.