Bọ́tìnnì Mẹ́sàn-án

"Wọ́n ní ọ̀gá ti rí i o..."

"Rí kí ni?"

"Gáùn yẹn ni. Wọ́n ní kó tú u... pé kò ní jáde..."

Ẹlẹ́nu, ọmọṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ò parí ọ̀rọ̀ tó ń bá ọmọṣẹ́ télọ̀ bíi tirẹ̀ sọ. Ó rí Abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ló bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì bí ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀.

Tín-ín-rín ni Abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Wọ́n bí i ní ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ ara rẹ̀ ní obìnrin. Òní ló parí iṣẹ́ kíkọ́. Òfin ṣọ́ọ̀bù wọn sì ni pé aṣọ tí ọmọṣẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gé, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ni yóò wọ̀ jáde síwájú àwọn oníbàárà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fi Abẹ́rẹ́ sídìí ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Gáùn ló rán: àwọ̀ ewé, ìbàdí rẹ̀ fún dáadáa, bọ́tìnnì mẹ́sàn-án tò síwájú.

"Ọ̀rẹ́ mi, wọ ṣòkòtò," ni Ẹlẹ́nu bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá kì í ṣe ẹni à ń bá ṣeré. Gáùn ò ní sá lọ, o lè wọ̀ ọ́ nílé."

"Ilé náà ni mo ti ń wọ irú rẹ̀. Ògiri nìkan ló mọ̀ mí. Mo ti sú ògiri."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ẹlẹ́nu. "Tí wọ́n bá wá tú u ńkọ́?"

"Ẹni tó rán an ṣì wà láyé. Màá tún un rán. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, adìyẹ ò lè gbé e mì."

Ó wọ yàrá ìwọnṣọ, ó gbé gáùn wọ̀. Ó de bọ́tìnnì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe jáde, ó bá bàbá tó ń lọṣọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, abẹ ìtúṣọ lọ́wọ́.

"Baba, ẹ má bínú. Mo ti gbọ́. Mi ò ní bọ́ ọ."

"Kí lo gbọ́? Ṣé Ẹlẹ́nu wà níbẹ̀ ni? Ìṣójú mi ni ọ̀gá ti sọ ọ́. Mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ níbẹ̀. Ó ní: 'Ẹ sọ fún ọmọbìnrin yẹn kó tú bọ́tìnnì rẹ̀. Apá ọ̀tún ló rán an sí, bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Apá òsì ni ti obìnrin. Aṣọ tí ẹni tó rán an ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀ ò ní jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kó yára, àwọn oníbàárà ti ń bọ̀.'"