Àga Abẹ́ Ihò Atẹ́gùn

Aṣọ ìgbéyàwó la ń rán níbi iṣẹ́ wa, funfun báláú. Nítorí eruku, ọ̀gá wa fi téèpù lẹ gbogbo fèrèsé pa. Ẹni tó bá ní ooru ń mú òun, ọ̀gá á ní, "Ṣé kí aṣọ dọ̀tí kí ara tìẹ lè tutù ni?" Á wá fọ́n lọ́fíńdà káàkiri yàrá, á ní afẹ́fẹ́ ti mọ́. Àwa náà á máa làágùn nínú òórùn dídùn.

Ihò atẹ́gùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lókè ògiri, tí wọ́n fi irin onílà-ìlà bò. Àga tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àga àgbà. Màmá Abẹ́rẹ́, tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò létí gèlè rẹ̀, ló ń jókòó síbẹ̀ nítorí pé òun ló dàgbà jù. Èmi ló kàn. Àfi bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyàwó, ṣe lóyún. Lọ́jọ́ tí Màmá gbọ́, ó dìde, ó nu àga náà, ó ní, "Ìyàwó mi, wá jókòó síbí, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ìwọ àti ọmọ ọmọ mi."

Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, kí ni mo fẹ́ sọ? Láràárọ̀, kí Ìyàwó tó jókòó, á kọ́kọ́ dúpẹ́ àga lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

Wolé-wolé wá bẹ̀ wá wò. Ó yẹ ilé ìgbẹ́ wò, ó ṣí kẹ́ẹ̀gì omi mímu, ó wo gọ́tà, ó tiẹ̀ fi ìka ra ilẹ̀. Ó ní ibi iṣẹ́ wa mọ́ tónítóní. Ta ni í yẹ afẹ́fẹ́ wò?

Kò pẹ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ìyàwó. Òòyì ń kọ́ ọ, ó ń bì. A ní oyún ni. Mo tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ inú rẹ̀ ti fi ọ̀lẹ jọ bàbá ẹ̀, Màmá gan-an rẹ́rìn-ín. Bó bá sì ti délé, ara rẹ̀ á yá. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí. Nígbà tó dákú lọ́jọ́ Fúráìdé, ọ̀gá ní kó lọ sinmi. Ọ̀gá wá gbé ọmọlangidi tó wọ aṣọ ìgbéyàwó kan tá a ti rán tán sí àyè rẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyàwó ti dé ṣáájú wa. Ó ti ti ọmọlangidi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbórí lé máṣíìnì. A ní oorun ni. Bí ọ̀gá ṣe wọlé tó rí aṣọ náà, ó figbe ta. Láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ìlà dúdú, ìlà dúdú!

"Ta ló fọwọ́ èédú kan aṣọ yìí?"

"Kì í ṣe èmi o!"

"Ṣebí ìwọ lo kẹ́yìn jáde?"

"Èmi kẹ̀? Má purọ́ mọ́ mi o!"

Èmi ni mo pariwo jù. Màmá ti súnmọ́ ọmọlangidi náà. Ó ń wo ìlà ara aṣọ. Ó gbójú sókè wo irin ihò atẹ́gùn. Ìlà kan náà ni. Ó wá wo Ìyàwó, tí gbogbo ariwo wa kò jí.

Aṣọ tó lo òpin ọ̀sẹ̀ péré níbẹ̀ ló dà báyìí, ẹni tó ń fà á símú láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Màmá gbé áyọ́ọ̀nù, ó fi fọ́ fèrèsé.

"Aṣọ mi!" ni ọ̀gá ń ké. A gbé Ìyàwó bọ́ síta, ó rọ bí aṣọ tá a rẹ sómi. Mo sáré yí ẹ̀yìn ilé, sí ààyè tóóró tó wà láàárín àwa àti alágbàfọ̀ tó múlé tì wá. Ẹ̀rọ tuntun tó fi ń se omi rèé, páìpù èéfín rẹ̀ dojú kọ ihò wa gan-an. Alágbàfọ̀ ní òun ò mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi Màmá pé, "Kí ló jẹ?"

"Kò tíì jẹun."

"Kí ló mu? Mà, kí lẹ fún un?"

"Àga," ni Màmá wí. "Àga ni mo fún un."

Nọ́ọ̀sì wojú mi láti mọ̀ bóyá orí Màmá pé. Èmi ni mo ṣàlàyé.

Nígbà tó yá, dókítà pè wá síta. Ó ní èyí tó ń pani nínú èéfín kì í rùn rárá. Ó ní ìyá á yè. Ó ní àwọn ti tẹ́tí sí ikùn rẹ̀ títí, àwọn ò gbọ́ ọkàn ọmọ mọ́. Màmá ò sunkún. Ó yọ abẹ́rẹ́ létí gèlè, ó ń wò ó bíi pé kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

A wọlé tọ Ìyàwó. Wọn ò tíì sọ fún un. Ó la ojú, ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àga mi fún ẹlòmíràn o. Mò ń bọ̀ lọ́la."