Florence Kò Bá Mi Jà

Florence ọ̀rẹ́ mi kì í gbà fún mi. Láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí a ti pàdé la ti ń bá a bọ̀. Bí mo bá ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, á ní ahọ́n mi ló ń ṣòjòjò. A fẹ̀yìn tì, àwa méjèèjì padà wá jókòó sí Aràmọkọ, síbẹ̀ ẹnu wa ò sinmi lára ara wa. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́jọ́ tí mo bú u nínú ọkọ̀ ojú irin lókè òkun tí kò bú mi padà.

Blessing ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Manchester ló ní ká wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Oṣù Kẹwàá ni, ìgbà tí ewé igi wọn máa ń pọ́n kó tó wọ́ dànù. Ó ní ká wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Scotland, ká lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, a ò tíì rìn débì kankan tí Florence fi bọ́ síta lọ gba ìpè lórí fóònù. Nígbà tó wọlé, ó ní ká palẹ̀ ẹrù mọ́, a ń padà sọ́dọ̀ Blessing.

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Èmi tí mo torí òtútù yìí ra kóòtù, ìwọ wá ní ká máa lọ?"

"Má bínú, Àjọkẹ́," ló sọ. Ìyá Ìyanu ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Ó gbé báàgì mi mọ́ tirẹ̀, ó kọjú sọ́nà.

Nínú ọkọ̀, ó ní kí n jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tí à ń lọ, díẹ̀ ló kù ká lu ara wa nítorí àyè yẹn. Mo wá fẹ́ dán an wò. Mo ní kóòtù tó wọ̀ yẹn, àpò kòkó ló jọ. Ó wo ara rẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Mo ní ohùn rẹ̀ ló ń ba orin jẹ́ fún gbogbo ìjọ. Ó ní kí n má bínú. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ tó fi bà mí lẹ́rù. Ní ìjọ wa ní Aràmọkọ, bí ẹnìkan bá kú tí ẹni tó ni òkú ò tíì gbọ́, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ sọ fún un. Florence ló máa ń tẹ̀ lé mi, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní gbogbo bí a ṣe ń ṣe é. A kì í bá ẹni náà jiyàn. A kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. A máa ń fọgbọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí aláìmọ̀kan má baà pè é kí i kú àráfẹ́rakù. A ó sì rí i pé ó jẹun, torí tó bá ti gbọ́ tán, omi lásán ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Mo dìde pé mo fẹ́ lọ tọ̀, Florence dìde tẹ̀ lé mi, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títí mo fi ṣe tán. Nígbà tí a jókòó, ó ní kí n yá òun ní fóònù mi, pé tòun ti kú. Tirẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, iná ń tàn lójú ẹ̀. Mo fún un. Lẹ́yìn náà ló tú búrẹ́dì tí wọ́n há adìyẹ sí láàárín, ó tì í síwájú mi.

"Jẹun, Àjọkẹ́. Jọ̀ọ́."

Matthew ọkọ mi ni ọkàn mi lọ bá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní òun ò lè fi kòkó sílẹ̀ lákòókò ìkórè. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò náà. Ìyanuolúwa ọmọ wa ló ní kí n máa lọ, pé òun á máa wá wo bàbá òun. Òun nìkan ṣoṣo la bí, ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ṣíwọ́ bíbéèrè ọmọ lọ́wọ́ wa ni Ọlọ́run fi í ta wá lọ́rẹ. Ìlú Ẹ̀fọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ọ̀kadà rẹ̀ ló sì máa ń gùn gba orí òkè wá sílé.

Mo ní, "Florence, gbé fóònù mi fún mi."

Ó rọra nà án sí mi. Mo pe ọkọ mi, kò gbé e. Mo pe Ìyanu pé kó sáré lọ wo bàbá rẹ̀, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo ṣépè fún ọmọ òde òní tí kì í ṣájì fóònù. Mo bi Florence pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé.

"Ọkọ rẹ wà láàyè," ó ní, ṣùgbọ́n kò wojú mi.

Ohun tí mo kọ́ ọ pé kó máa sọ náà nìyẹn, torí náà mi ò gbà á gbọ́. Mo ti búrẹ́dì náà padà síwájú rẹ̀. Mo pinnu pé mi ò ní jẹun, torí bí mi ò bá jẹun, kò ní lè sọ ọ́. Ewé ń já bọ́ lára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òjò sì ṣú. Mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa wọ dúdú, tí èmi àti Ìyanu á jókòó ti ara wa nínú pálọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Mo ti gbọ́ òwe yẹn títí, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Fóònù mi dún. Orúkọ ọkọ mi ló hàn lójú ẹ̀.

"Bàbá Ìyanu, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni."

Mo bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu mi. Àwọn òyìnbó tó wà nítòsí yíjú wò mí, mi ò ka ẹnikẹ́ni sí. Mo kọjú sí Florence, mo ní kó wá gbọ́ ohùn ọkọ mi, òun àjẹ́ tó fẹ́ fi ìpayà pa mí. Mo rò pé á bú mi padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Mo gbọ́ ohùn àwọn ará ìjọ lẹ́yìn ọkọ mi, wọ́n rọra ń kọrin.

"Àjọkẹ́," ó ní, "ṣé Florence wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ? Ṣé o ti jẹun?"

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, ọkọ mi ò bi mí rí bóyá mo ti jẹun. Èmi ni mo máa ń bi í.

Mo ní, "Bàbá Ìyanu, ẹ gbé fóònù fún Ìyanu, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

Ó ní kí n gbé fóònù fún Florence. Florence dìde, ó wá dì mí mú.