Oje Ogbe Àkùkọ

Wùmí di etí bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí. "Kí ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, ọmọ mi?"

Clémence, nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ Faransé dókítà fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́. "Oje ogbe àkùkọ ni, Ìyá. Wọ́n ti sẹ́ ẹ, ó mọ́ kedere. Òun ni kò ní í jẹ́ kí ẹyinjú yín rún wọlé bí Kámárádì Dókítà bá ń yọ àwọ̀ funfun tó bò ó."

Wùmí fà sẹ́yìn. Èèwọ̀ ilé wọn ní Kpankou ni àkùkọ. Ẹni tó bá fi kan ẹnu, ojú rẹ̀ á fọ́: bẹ́ẹ̀ ni Àkànmú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olórí ẹbí, ń kọ́ tọmọdé tàgbà. Nígbà tí ojú òsì Wùmí fọ́, wọ́n ní ó ti jẹ àkùkọ ní kọ̀rọ̀. Ó búra títí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bá a jẹun nínú abọ́ kan náà. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù, òun náà sì ti di kùrukùru. Bó bá gbà, irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn á di òótọ́. Bó bá kọ̀, òkùnkùn ni.

Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n àkùkọ wo lòun jẹ tí ojú òsì fi fọ́? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

"Sọ fún un kó máa ṣe é," ó wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Clémence tú aṣọ ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gún un. Lẹ́yìn náà ló rí ògiri, ìràwọ̀ pupa ìjọba àwọn Kámárádì tí wọ́n kùn sára rẹ̀, àti ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Kò tíì ráyè yọ̀ tó fi gbọ́ ohùn Àkànmú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù náà padà dé. Ta ló ti lọ sọ fún un?

Àkànmú wọlé, ó fa fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Àga wà níwájú rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ọwọ́ ló fi ń wá a.

"Wùmí, o jí're?" Ògiri ló kọjú sí.

Ó ti pẹ́ tí Wùmí ti rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọ̀ funfun ti bo méjèèjì.

"Oje àkùkọ ni wọ́n fi ṣe é, Ẹ̀gbọ́n."

Àkànmú fa àga sún mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì má baà gbọ́.

"Ṣé ó ń dunni?"