Ẹ̀kán Omi Nínú Awọ

Gbogbo Old Market ló mọ̀ pé ẹnu mi mú. Lọ́jọ́ tí Uwais ọkọ mi tẹ ìṣó tó ti dógùn-ún mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́sì ní ilé ìwòsàn Lokongoma gbọ́ èébú lọ́nà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tẹ́tánọ́sì ti pa alábàárù kan ládùúgbò wa rí, mo sì fojú mi rí bó ṣe kú.

"Ọkùn o," ni nọ́ọ̀sì kí wa. Eunice lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yàgbà ni, kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Ó fọwọ́, ó nu apá ọkọ mi, ó wá tẹ abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan pẹlẹbẹ mọ́ awọ. Ẹ̀kán omi kan ló fún síbẹ̀. Awọ yọ kókó kékeré. Ó fi báírò yí i po, ó ní ká jókòó díẹ̀.

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ náà nìyí? Lápá? Ṣebí ìdí ni wọ́n ń gún un sí!"

"Ìdánwò ni, Màmá. Ara ẹlòmíràn kì í gba oògùn yìí."

"Ara tó ń ru àpò ìrẹsì! Fún un ní odidi jàre, kí tẹ́tánọ́sì tó wọlé!"

"Ìyá Nímátù," ọkọ mi ní, "èmi àti ìwọ, ta ni wọ́n gún?"

Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ ọkọ mi. Apá náà ló ń wò. Èmi náà bá ń wò ó, kí n lè rí nǹkan fi bú u.

Háà! Kókó náà ti wú kọjá ilà báírò. Ó pọ́n, ó ń gbilẹ̀ lọ sọ́nà ìgbúnwọ́, ọkọ mi sì ń họ ara bí ẹni tí èsìsì jó.

"Ẹ̀kán kan yẹn ló ṣe èyí?"

"Òun ni, Màmá. Ká ní odidi ni mo gún sínú ẹran ara wọn, ọ̀fun wọn lè wú dí, kí wọ́n má lè mí mọ́."

Awọ tí mo ti ń fọwọ́ kàn láti ìgbà ọmọge mi, n kò mọ̀ pé èèyàn lè bi í léèrè ọ̀rọ̀, kó sì dáhùn. Ọmọ yìí bi í, ó sì dáhùn lójú mi. Ọlọ́run tóbi!

Ó fún un ní oògùn tó pa yíyún náà. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, ó gbé irú mìíràn tó bá a lára mu wá, itan ló gún ìyẹn sí, ó wọ inú ẹran dáadáa.

Ọkọ mi dìde, ó ń tiro, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó yá, ká máa lọ."

Mo kọ́kọ́ di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. Ikú ọkọ mi ni mo ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà pé kó tètè fún wa.