Kí A Tó Tú Ìsopọ̀ Kàlẹ́ńdà

Aṣojú kì í fojú inú wo nǹkan. Ohun tí a bá kọ fún un ni yóò ṣe. Ohun tí a kò bá kọ, a jẹ́ pé kò sí. Nítorí náà ni Ndanu fi máa ń wọn gbólóhùn kí ó tó kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀, ní ọ́fíìsì kan lójú ọ̀nà Ngong, ni láti kọ àlàyé ìlò irinṣẹ́ fún àwọn aṣojú, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tí ń bá ènìyàn jẹ́ iṣẹ́ lórí fóònù.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yìí, irinṣẹ́ tuntun tí ń tú kàlẹ́ńdà méjì tí a so pọ̀ ni ó kàn. Ó kọ ọ́ pé: “Irinṣẹ́ yìí a máa tú ìsopọ̀ tí ó wà láàárín kàlẹ́ńdà olùlò àti ti ẹlòmíràn.” Gbólóhùn náà gún régé, ṣùgbọ́n kò pé. Ohun tí ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ńkọ́?

Ó rántí Mumbua àbúrò rẹ̀.

Kitonga, ọkọ Mumbua, ni ó ra fóònù fún un nígbà tí wọ́n fẹ́ra. Òun náà ni ó so kàlẹ́ńdà ìyàwó mọ́ tirẹ̀. Ní alaalẹ́, bí ó bá ti ń jẹ ugali, a gbé fóònù ti àwo, a sì máa ka ọjọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. Nítorí ìpàdé ìjọ kan tí ó pẹ́ kọjá bí a ti kọ ọ́, ó fi ilẹ̀kùn há Mumbua lọ́wọ́. Mumbua wá pinnu láti sá lọ sí Voi ní Sátidé. Ó ní kí aṣojú ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì fún un. Aṣojú rà á, ó sì kọ ìrìn àjò náà sínú kàlẹ́ńdà láìbéèrè. Ní òwúrọ̀ yìí ni Mumbua pe Ndanu pé òun fẹ́ kí aṣojú tú ìsopọ̀ náà, kí Kitonga má baà rí i. Ndanu sì dáhùn pé, “Tú u. Kò séwu.”

Ó dìde, ó tọ Barasa tí ó ṣe irinṣẹ́ náà lọ.

“Màdáámú Gírámà ti dé! Kọ́mà wo ló tún sọnù?”

“Bí a bá tú ìsopọ̀, ohun tó ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀ gbọin. Okùn la gé, a ò da omi inú garawa nù. Ẹni tó bá fẹ́ kó pòórá, kó kọ́kọ́ pa á rẹ́ nígbà tí okùn ṣì wà, á pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Lẹ́yìn náà kó wá gé e.” Ó wò ó. “Kí ló dé? Ojú ẹ ti ṣú.”

Ndanu ti dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó ń pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

“Mumbua, o ò tíì tú u, àbí?”

“Tipẹ́tipẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ yẹn tiẹ̀ kí mi kú oríire!”

Ndanu sọ ohun tí Barasa wí fún un. Ẹ̀rín kúrò lóhùn Mumbua.

“Ṣé kí n tún un so ni?”

“Fóònù rẹ̀ ni yóò béèrè àṣẹ. Yóò mọ̀.”

“Ó máa wò ó tó bá ń jẹun! Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ nǹkan. Mo ti da tíì sílẹ̀.”

Ndanu di irin àtẹ̀gùn mú. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ Kitonga kò ṣeé pa rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tuntun tí yóò kún un mọ́.

“Gbọ́. Sátidé ló mọ̀. Kò mọ òní.”

“Òní kẹ̀?”

“Kí ó tó dé. Gbàgbé Voi. Má ní kí ẹ̀rọ kankan ra nǹkan fún ọ. Fi fóònù náà sílẹ̀ nílé, kí o wá bá mi níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ matatu tó ń lọ sí Nakuru. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Nakuru tí Kitonga kò mọ̀ rí.”

“Aṣọ mi ńkọ́?”

“Mumbua! Aṣọ kì í tán lọ́jà.”

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀nà tí a fi lè gbóhùn Mumbua mọ́. Ndanu dúró ní ibùdókọ̀ láàárín àwọn tí ń pe èrò, ọkọ̀ kan kún, ó lọ, òmíràn kún. Fóònù rẹ̀ dún. Kitonga ni.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣé Mumbua wà lọ́dọ̀ yín? Ó gbàgbé fóònù sílé.” Ohùn rẹ̀ tutù minijọ̀. “Mo rí i pé ó ń rìnrìn àjò ní Sátidé. Kò sọ fún mi. Ẹ bá mi sọ fún un pé màá sìn ín lọ fúnra mi.”

“N kò tíì rí i,” ni Ndanu wí. Òtítọ́ ni, ìyẹn gan-an ni ó bà á lẹ́rù.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù kún àlàyé tí ó fi sílẹ̀ lọ́fíìsì: “Kí aṣojú tó lo irinṣẹ́ yìí, kí ó kìlọ̀ fún olùlò pé ohun tí ẹnì kejì ti gbà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó béèrè bóyá olùlò fẹ́ kọ́kọ́ pa á rẹ́. Kí ó dúró gba èsì.”

Nígbà tí ó gbójú sókè, Mumbua ń bọ̀ láàárín èrò, pẹ̀lú sílípáàsì ilé lẹ́sẹ̀, ó ń wẹ̀yìn.

Wọ́n wọ ọkọ̀. Kò sí èyí tí ó gbà láti jókòó nítòsí fèrèsé nínú àwọn méjèèjì.