Nọ́ńbà Iwájú

Bàbá káfíńtà ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dé. Ó ti ṣí fèrèsé yàrá àkọ́bí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí mọ́, ó ti nu eruku orí tábìlì, ó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Wá wò ó! Ẹ̀gbọ́n rẹ wà láàyè! Nọ́ńbà iwájú ti yí!"

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí èèyàn ṣe máa gé pákó láìfi ṣòfò ni àkọ́bí rẹ̀ ṣe sórí Linux, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bàbá, kí òun àti bàbá tó jà, tó fi ilé sílẹ̀, tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó ń di irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí ẹrù, kó lè rọrùn fún àwọn tó ń lo Linux láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn. Òun ló kọ́ bàbá bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà tó máa ń wà lára ètò náà, irú bí 1.4-1: èyí tó ṣáájú ìlà kékeré, ẹni tó ṣe ètò ló ni ín, èyí tó tẹ̀ lé ìlà, àwọn tó ń dì í ló ni ín. Tí wọ́n bá tún un dì, tiwọn nìkan ló ń gòkè.

Látìgbà náà, 1.4-2 dé, 1.4-3 dé, bàbá kàn ń mí kanlẹ̀ ni. Ó ní ọjọ́ tí 1.4 bá yí lòun máa mọ̀ pé ọmọ òun kò tíì kú. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń ṣọ́ nọ́ńbà bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná!

Láàárọ̀ yìí, 1.5-1 ló bá níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kò lè jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló di ètò 1.5 náà pọ̀. Ó yẹ kó ti pe bàbá ṣáájú, àmọ́ kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n. A kọ̀wé sí wọn títí, wọn ò fèsì. Ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni yẹn ló ni 1.5."

Bàbá wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó dùn ún wọra.

"Ṣé ó ṣeé dá padà?"

"Ó ṣeé dá padà lórí kọ̀ǹpútà tiyín, sà."

"Dá a padà sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Kó o wá dè é mọ́bẹ̀, kó má lè lọ síwájú mọ́."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí 1.4-3 jáde lójú kọ̀ǹpútà, bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọnú yàrá yẹn lọ, ó ti fèrèsé. Kò ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì.